Ọdún mélòó ni BPP (àjọ tó ń mójú tó ìgbaṣẹ́ ìjọba àpapọ̀) lè fi fòfin de agbaṣẹ́ṣe láti má gba iṣẹ́ ìjọba, láìjẹ́ pé kóòtù dá a lẹ́bi?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ìgbaṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Abala 58(6) nínú Public Procurement Act 2007 ò ní wàhálà: ilé-iṣẹ́ tí kóòtù bá dá lẹ́bi kò ní fojú kan iṣẹ́ ìjọba fún ọdún 5, ó kéré tán, yóò sì san ìdá 25 nínú 100 iye iṣẹ́ náà ní ìtanràn. Abala 6(1)(e) ló rú mi lójú. Ó ní BPP lè fòfin de agbaṣẹ́ṣe tó bá rú òfin, kò sọ iye ọdún. Ṣé ọdún 5 yẹn náà ni, àbí bó bá ṣe wù wọ́n? (Ní Amẹ́ríkà, agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 30 láti fèsì kí wọ́n tó fòfin dè é, ìdènà kì í sì í sábà ju ọdún 3 lọ.)

Bí èèyàn bá fẹ́ tako ìdènà BPP ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ tọ́ka sí abala 54 àti ọjọ́ iṣẹ́ 15 tó fi sílẹ̀ láti fẹ̀hónú hàn. Àṣìṣe iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ síta ni ìyẹn wà fún, kì í ṣe ìdájọ́ BPP fúnra rẹ̀. Ṣé Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni kí èèyàn gbà lọ tààrà?

Ó ku ọ̀kan: bí dírẹ́kítọ̀ kan náà bá lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), ṣé ìdènà náà á bá a débẹ̀?