Ẹ rọra o, ẹni tó jókòó tì yín lè gbọ́ Yorùbá! Ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Àbíkẹ́_London: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí àwa Yorùbá bá ti wọ bọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba báyìí, a máa ń rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan tá à ń sọ? Ní Peckham o! Peckham tí wọ́n ń pè ní Little Lagos, tó jẹ́ pé tó o bá rin Rye Lane já wàá rí ẹ̀lùbọ́, wàá rí pọ̀nmọ́, wàá rí ewédú, wàá tún gbọ́ èébú tó mọ́yán lórí, ibẹ̀ lẹ wá fẹ́ máa sọ̀rọ̀ èèyàn lójú ẹ̀.

Mo wà nínú bọ́ọ̀sì 12 lọ́jọ́ kan, ìyá méjì jókòó síwájú mi, ni ọmọge kan bá wọlé, ó fá irun ẹ̀, ó fi yẹtí símú. Ìyá kan bá fẹnu júwe ẹ̀, ó ní "Wo eléyìí, ṣé ó níyàá báyìí?" Èkejì ní "Ọmọ Jàmáíkà ni jàre, wọn ò kọ́ wọn nílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ yìí ò wò wọ́n, fóònù ẹ̀ ló ń tẹ̀. Àfi ìgbà tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó tẹ eékún díẹ̀, ó ní "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin màmá mi. Ìyá mi ń bẹ nílé, màá bá yín kí wọn."

Ọ̀kan nínú wọn kàn ki ọwọ́ bọ báàgì ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan. Mi ò mọ ohun tó ń wá dòní.

Ọmọ_Sábó: Hahaha. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rojọ́ tèmi. Hausa ni mí, Sábó n'Ìbàdàn ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Láti 1916 ni Sábó ti wà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ jalabíà báyìí, "mọ́là" ò gbọ́ Yorùbá mọ́ nìyẹn. Àlùbọ́sà ni mò ń tà. Tọkọtaya á dé, wọ́n á máa fi pijin bá mi nájà, ọkọ á wá yíjú sí ìyàwó ẹ̀, á ní "Tó bá ti gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ká gbé e, má jẹ́ kó mọ̀ pé a fẹ́ ẹ." Hà! Ṣé kí n wá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni? Mi ò bínú sí irú wọn rárá, Ọlọ́run ló ń rán wọn sí mi.

Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni pé bí èmi àti àbúrò mi bá sọ Hausa gbólóhùn kan péré nídìí ọjà, oníbàárà kan náà á fajúro, "Kí lẹ̀ ń sọ, ẹ sọ ọ́ ká gbọ́." Òótọ́ ló sọ o. Lọ́dọ̀ tiwa, tí oníbàárà bá ti dúró, iye ọjà ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa ní Hausa, torí kò sí bó o ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé o ò fowó lé e. Ṣùgbọ́n kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi ṣá.

Alájàṣẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọdá Sẹ̀mẹ̀, ẹ ṣọ́ra o. Tí kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń sọ Faransé bá dá mọ́tò yín dúró, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá jíròrò ibi tẹ́ ẹ kó ẹrù sí. Àwọn Ègùn tó gbọ́ Yorùbá pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti sọ tèmi.

Nọ́ọ̀sì_Èkìtì: Tiwa ní wọ́ọ̀dù lókè òkun níbí yàtọ̀. Ọ̀gá wa ò gbà ká sọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, àwa Nàìjíríà o, àwọn Filipino o, àwọn ará Íńdíà o, gbogbo wa ló bá wí. Àwọn kan ń bínú pé ẹ̀tanú ni, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò lè yí ara ẹ̀ padà, ẹ̀yin méjì dúró lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, ẹ̀ ń nu ìdí fún un, ẹ wá sọ nǹkan kan, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Kódà kó jẹ́ jọ́lọ̀ọ̀fù òde Sátidé lẹ̀ ń sọ, ìdí ara ẹ̀ ló máa rò pé ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tá a bá dé yàrá ìjẹun, kí kálukú sọ tiẹ̀.

Àmọ́ màmá kan dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ Yorùbá, àrùn ìgbàgbé ti mú wọn, òyìnbó tí wọ́n ti ń sọ látọjọ́ tí wọ́n ti dé ìlú yìí ti kúrò lórí wọn, Yorùbá ìgbà ọmọdé ló kù. Wọn ò jẹun, wọ́n ń ti ọwọ́ gbogbo èèyàn dànù, wọ́n tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé màmá yìí ń jà. Mo kàn kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ ọ wò fún mi." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "Ọmọ ta nìwọ? Ata ẹ̀ dà?" Wọ́n sì jẹun! Òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró tì mí, gbogbo nǹkan tí mo bá sọ fún màmá ni mò ń sọ fún òun náà, ọ̀gá wa ò bá mi wí.

Ìyàwó_Iléṣà: Ọmọ Calabar ni mí, Ìjẹ̀ṣà lọkọ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n ń sọ ló ń dùn mí, ilé wọn ni, èdè wọn ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo pálọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, màá bi ọkọ mi, á ní "Kò sí ńkankan, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni." Ọ̀rọ̀ tí odidi ilé rín títí omi bọ́ lójú wọn ni kò sí ńkankan! Bàbá ọkọ mi nìkan ló máa ń dá wọn dúró, wọ́n á ní "Ẹ dákẹ́ ná, ìyàwó ò gbọ́," wọ́n á wá fi òyìnbó tún ìtàn náà sọ látìbẹ̀rẹ̀, kò ní pani lẹ́rìn-ín mọ́ rárá, ṣùgbọ́n èmi á rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ní báyìí mo ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan Ìjẹ̀ṣà ponbele. Ọkọ mi mọ̀, bàbá mọ̀. Àǹtí kan ni ò tíì mọ̀, àwọn ló máa ń fi Ìjẹ̀ṣà bi ìyá ọkọ mi pé ṣé ọbẹ̀ Calabar yìí náà la tún máa jẹ, tí wọ́n á sì bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì sọ fún wọn o. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde, ọbẹ̀ afang ni mo fẹ́ sè.