Onípasẹ̀ńlá ni, kì í ṣe Ẹlẹ́sẹ̀ńlá: èsì lórí orúkọ Bigfoot àti ìró òru

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ohio ti béèrè ohun tí yóò kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù kan nípa Bigfoot, ẹ̀dá gíga onírun tí wọ́n ní ó ń gbé inú igbó Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ ti ń gbóná. Ohun méjì ló bi wá. Kí ni ká pe ẹ̀dá náà? Kí sì ni ká pe ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbọ́ nínú igbó lóru, tí wọ́n á ní òun ló wà nídìí rẹ̀? Lórí ti àkọ́kọ́, àbá mẹ́rin ló ti jáde: Ẹlẹ́sẹ̀ńlá, iwin igbó, ìnàkí Amẹ́ríkà, àti bígífúùtù. Ti èkejì kò rí ẹni bójú tó o. Gbogbo wa kàn ń kọ "igbe, igbe" bí ẹni pé kò lẹ́jọ́ nínú.

Ẹ jẹ́ kí n tètè gbé bígífúùtù kúrò ńlẹ̀. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀, tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ní ìtumọ̀ létí àwọn tó ni ín. Tí a bá sọ ọ́ di bígífúùtù, a fi ìtumọ̀ náà du ẹni tó ń wo fíìmù, a kò sì fún un ní nǹkan kan dípò.

Ìtumọ̀ náà sì ní ìtàn. Lọ́dún 1958, wọ́n ń la ọ̀nà fún iṣẹ́ gẹdú nínú igbó Bluff Creek, lápá àríwá California. Jerry Crew wà lára àwọn tó ń wa katapílà níbẹ̀. Ó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ojú ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ nítòsí katapílà rẹ̀, ó rí bí ti ènìyàn, àmọ́ gígùn rẹ̀ tó ínṣì 16. Nígbà tí àwọn ojú ẹsẹ̀ náà tún yọ, ó po P.O.P., ó dà á sínú ọ̀kan, ó jẹ́ kó gan, ó sì gbé e lọ sí ìlú. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, ìwé ìròyìn Humboldt Times gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, òun àti P.O.P. rẹ̀ lọ́wọ́. Bigfoot, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pè é láàrín ara wọn, ni ìwé ìròyìn tẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Ẹ wá bá mi wò ó. Nínú gbogbo èyí, ta ló rí ẹsẹ̀? Kò sí. Ipa rẹ̀ ni wọ́n rí nínú ẹrẹ̀. Èdè Òyìnbó kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ó ní ẹsẹ̀ ńlá, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀: ipa ẹsẹ̀, ipasẹ̀. Ọdẹ tó bá tẹ̀ ba sílẹ̀ tó ń wo ẹrẹ̀ etí odò kì í sọ pé òun rí ẹsẹ̀ ẹfọ̀n. Ipasẹ̀ ẹfọ̀n ló rí. Ẹfọ̀n lè wà nínú ewé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì lè ti kọjá lánàá. Ìyẹn tún kù sí ọwọ́ ọdẹ láti mọ̀. Onípasẹ̀ńlá ni mo mú wá, èmi ò sì rò pé a ó rí èyí tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá Ẹlẹ́sẹ̀ńlá sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀hun ọ̀rọ̀ yín pé: oní pẹ̀lú ẹsẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀, a fi ńlá kún un, kò sí olùkọ́ tí yóò fa ìlà sí i. Ìtumọ̀ ló ń dà mí láàmú. Ẹsẹ̀ lédè tiwa bẹ̀rẹ̀ láti itan, ó dé ọmọ ìka. Ẹ ní ẹlẹ́sẹ̀ńlá ń bọ̀ láàrín ọjà Ìṣẹ́yìn, wọn kò ní rò ó pé ẹranko ni, wọ́n á yà fún aláìsàn tí jàbùtẹ̀ ń bá jà. Onípasẹ̀ kò ní wàhálà yẹn. Ohun tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí oníǹkan ti lọ ni ipasẹ̀, kò kan itan, kò kan orúnkún.

Ìdí mìíràn wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀wò. Ray Wallace ni agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ ọ̀nà Bluff Creek wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 2002, àwọn ẹbí rẹ̀ jáde sọ pé bàbá àwọn ló fi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ tẹ ilẹ̀ yẹn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ igi náà jáde kí ayé rí i. Àwọn tó gbà pé ẹ̀dá náà wà kò gba àlàyé yìí títí dòní. Ó dára. Bí ẹ bá pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀ńlá, ẹ ti dá ẹjọ́ náà, ẹ ti ní ẹsẹ̀ wà. Oní nínú onípasẹ̀ kò sọ ju pé ipasẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Ìbáà jẹ́ ẹranko, ìbáà jẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ràn àwàdà. Bó bá jẹ́ Wallace ni, a jẹ́ pé Wallace gan-an ni Onípasẹ̀ńlá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Ẹnìkan á ní wọ́n ti rí i lójú kòrókòró nínú fíìmù tí Roger Patterson àti Bob Gimlin yà ní Bluff Creek kan náà ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 1967, èyí tí nǹkan onírun dúdú ń rìn lọ tó sì bojú wẹ̀yìn. Fíìmù tí kò pé ìṣẹ́jú kan nìyẹn, tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Àmọ́ orúkọ ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú rẹ̀. Ipasẹ̀ ló bí orúkọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní òǹkàwé lè ṣi onípasẹ̀ kà sí nípasẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n jọ ra. Ṣùgbọ́n "o" wà níwájú, "ńlá" wà lẹ́yìn, àmì ohùn sì wà lórí wọn. Ẹni tí gbogbo ìyẹn kò tó fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa ló ń ṣe é. (Fún ìwé àlọ́ àwọn ọmọdé, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ Abẹsẹ̀gbàràgàdà, mo fọwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú. Ohùn oríkì ló wà níbẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu.)

Ìnàkí kò ní gbà wá lákòókò. Kò sí ìnàkí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá. Irun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976, tí àjọ náà yẹ̀ wò, irun ìdílé àgbọ̀nrín ló já sí. Bí a bá kọ ìnàkí sísàlẹ̀ fíìmù, àwa atúmọ̀ ti ríran ju àwọn tó ya fíìmù lọ.

Iwin igbó ni mo kọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí. Mo mọ ohun tó fà á. Nǹkan tó ga, tó wà nínú igbó, tó ń dún lóru: ọkàn ẹni á sáré lọ sọ́dọ̀ iwin. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa, iwin wo? Egbére kúrú, ẹní ló ń gbé kiri tó ń sunkún, ẹni tó bá sì gba ẹní yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ á di olówó. Ta ló gbọ́ pé Bigfoot ru ẹní rí? Àrọ̀nì, ẹsẹ̀ kan ló ní, òun sì ni olùkọ́ nípa ewé. Àwọn wọ̀nyí ní ìwà, wọ́n ní ilé, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń bá ọmọ aráyé dà pọ̀. A kò lè bọ́ ẹ̀wù wọn kí a fi wọ àlejò.

Àlejò náà sì ní ẹ̀wù tirẹ̀. Àwọn Sts'ailes, tí ilẹ̀ wọn wà ní British Columbia ní Kánádà, ti ń sọ̀rọ̀ nípa sásq'ets tipẹ́tipẹ́ kí Crew tó gun katapílà. J. W. Burns, Òyìnbó tó ń ṣe tíṣà láàrín wọn, ló gbé orúkọ náà wọnú èdè Òyìnbó ní àwọn ọdún 1920, ó sì di Sasquatch. Lọ́dọ̀ àwọn Sts'ailes, ẹ̀dá tó ń rìn láàrín ayé tí a ń rí àti èyí tí a kò rí ni, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, wọn kì í fi pa owó P.O.P. Nítorí náà, níbi tí fíìmù bá ti sọ Sasquatch láti ẹnu àwọn Sts'ailes, kí àbúrò wa fi orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é. Kó má fi Onípasẹ̀ńlá bò ó, kó má sì fi iwin bò ó. Àwa tí wọ́n sọ Èṣù wa di Sátánì nínú Bíbélì, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìtumọ̀ oníkánjúkánjú ń ṣe fún ẹlòmíì. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1921, nígbà tí Henry Newman, oníròyìn tó wà ní Calcutta, gba orúkọ ẹ̀dá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Yeti, lẹ́nu àwọn tó ti òkè Everest dé, tó sì tú u sí ènìyàn yìnyín oníríra (Abominable Snowman). Ìríra kò sí nínú ohun tí àwọn ará òkè sọ. Ayé ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo dé ibi tó dùn mọ́ mi jù wàyí. Nínú fíìmù náà, gẹ́gẹ́ bí àbúrò wa ṣe ṣàlàyé, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sí igbó lóru, nǹkan kan sì wọlé sínú rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gùn, ó ròkè, ó já lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi dún gbì, lẹ́ẹ̀mejì. "Igbe Ẹlẹ́sẹ̀ńlá" ló kọ sísàlẹ̀.

Igbe kì í wà láìsí ẹni tó ké e. Ẹnu ló ń ké. Ẹ wo bí èdè wa ṣe pín in: ajá ń gbó, àkùkọ ń kọ, kìnnìún ń bú, ìkookò ń hu, ẹyẹ ń ké. Bí o bá ti lo ọ̀kan nínú wọn, o ti ní o mọ olóhùn, tàbí ó kéré tán, o mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Dún nìkan ni kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ìbọn dún, agogo dún, ewúrẹ́ dún, igi dún. Ìró sì ni orúkọ tó bá a rìn. Nǹkan kan dún nínú igbó, a gbọ́ ìró rẹ̀: ibi tí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gbé wa dé nìyẹn, kò gbé wa kọjá ibẹ̀. Ìró tún gba ti igi tó dún gbì náà mọ́ra, igbe kò lè gbà á.

Àbúrò wa fúnra rẹ̀ ló fún mi ní ẹ̀rí. Ó kọ̀wé pé lóṣù Kìíní tí ìyá òun wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun, nǹkan kan lọgun lẹ́yìn ilé lóru bí obìnrin tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Màmá ní iwin ni, wọ́n gbé Sáàmù 91 jáde, wọ́n kà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Aládùúgbò wọn ló rẹ́rìn-ín: abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni, àkókò tí akọ wọn ń gun abo ló dé. Òwìwí abìlà ilẹ̀ wọn náà ńkọ́? Hùù mẹ́jọ ló ń hù lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará ibẹ̀ sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń béèrè pé ta ló ń gbọ́únjẹ fún ọ. Tí méjì wọn bá pàdé, ariwo wọn á dà bí ti ọ̀bọ tó ń jà. Kóyótì, ajá igbó ilẹ̀ wọn, méjì tàbí mẹ́ta lè hu kí o búra pé ogún ni wọ́n.

Àwa náà ní tiwa. Òwàwà kò ju ológbò ńlá lọ, orí igi ló ń gbé, erin sì wà lára ìbátan rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tó wá gbọ́ ọ nínú òkùnkùn, á rò pé nǹkan tó ga tó ilé ló ń bọ̀. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ tí John Oates wà lára wọn kéde pé òwàwà tó wà láàrín odò Volta àti odò Ọya, ìyẹn tiwa gan-an, yàtọ̀ sí ti àwọn igbó yòókù, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Etí ló kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó: àwọn ti òkèèrè ń han gooro, tiwa ń gbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn agbárí, tí wọ́n wo irun, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìran wọn wò. Ìró lè di igbe, bí a bá ti rí olóhùn.

Àbúrò, báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́. Níbi tí ẹ̀rọ ti gbé ohùn náà jáde: "Ìró kan dún nínú igbó." Níbi tí ọkùnrin inú fíìmù náà bá ti ní òun mọ ẹni tó ni ín: "Igbe Onípasẹ̀ńlá nìyí," nítorí ẹnu tirẹ̀ ló ti jáde, tiwa kọ́. Níbi tí igi ti dún: "Ìró igi, lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀yin ará Oǹdó àti Ìjẹ̀bú tí ẹ ní ọdẹ nílé, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: òwàwà, ṣé wọ́n máa ń ní ó ń ké ni, àbí ó ń gbó? Ẹ fi àmì ohùn sí i bí ẹ bá ń kọ ọ́ ránṣẹ́.