Ajóróró ò lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń jò

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn ti gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọn jáde, pé ọkọ̀ tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń dà sílẹ̀, ká máa pè é ní "ajóróró". Ọ̀pọ̀ yín ti pàtẹ́wọ́, ẹnìkan tiẹ̀ ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò gún, àmì ohùn kan péré ló bà á jẹ́, àmì yẹn náà sì lè kó ẹni tó bá lò ó sí gbèsè lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A-jó-òróró, kí ló ń ṣe? Ó ń jó òróró ni, bí apẹja ṣe ń pa ẹja. Ẹ ní jò lẹ ní lọ́kàn, pé ẹ kàn gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè rọrùn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tá a lè bọ́ ká tún wọ òmíì! Kódà ká dá a padà sí "ajòróró", kò tíì tọ́, torí jò kì í gba àbọ̀. Ilé ń jò. Agbè ń jò. Táńkì ń jò. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ilé ń jo omi? Ohun tí nǹkan wà nínú ẹ̀ ló ń jò, ibẹ̀ ni gbólóhùn parí sí. Jó ló lè ní àbọ̀, iná jó ilé, ẹ́ńjìnnì jó ọ́ìlì. Torí náà bẹ́ ẹ bá ti so òróró mọ́ ọn lẹ́yìn báyìí, jó nìkan ló lè jẹ́ nínú gírámà wa. (Ti òróró yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń dín àkàrà, ọ́ìlì ni gbogbo mẹkáníìkì ń pè é.)

Arábìnrin wa tó wá láti Èkó wáá kọ ọ́ pé ó jò ni o, ó jó ni o, ọ́ìlì ṣáà ti lọ, kí la wá ń bá ara wa fà á sí. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, torí bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Jíjò, ìta ni ọ́ìlì gbà lọ, láti ara gáskẹ́ẹ̀tì (ìtẹ́ pẹlẹbẹ tó ń wà láàárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa jáde) tàbí síìlì (rọ́bà tó ń dí etí irin tó ń yí) tó ti gbó. Jíjó, inú ni ó gbà lọ, ó ráyè wọ ibi tí epo bẹntiróòlù ti ń jó, wọ́n sì jọ jó pọ̀. Tó bá jẹ́ síìlì fáàfù ló gbó, èéfín búlúù á tú jáde ní sàlẹ́ńsà nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sinmi, tó bá jẹ́ ríǹgì písítìnì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ ẹ́ lẹ máa rí i jù. Ríǹgì túmọ̀ sí kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ńkọ́, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, iṣẹ́ tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á ṣe tán lójúmọ́ kan ni. Ẹ wá ro ẹni tó pe mẹkáníìkì rẹ̀ lórí fóònù pé "ajóróró ni ọkọ̀ mi dà." Owó ríǹgì ló máa gbọ́.

Bí ọ́ìlì bá ń dín kù lórí géèjì (ọ̀pá tá a fi ń wọn ọ́ìlì), ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sí sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fa géèjì yọ, nù ún, tì í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó tún fà á yọ wò. Lálẹ́, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bílẹ̀ bá mọ́ tó jẹ́ omi mímọ́ gaara lẹ bá níbẹ̀, omi ÉSÌ nìyẹn, tó bá pupa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì gíà ọ̀tọ́máàtíìkì, tó bá pọ́n bíi tíì tàbí tó dúdú, ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Tí páálí bá wá gbẹ tí géèjì sì ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lọ wo ẹnu sàlẹ́ńsà.

Ibi tó ti ń jò gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ọ́ìlì máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn ìrìn sì máa ń gbé e lọ sẹ́yìn, nítorí náà ibi tó ń kán sílẹ̀ lè má jẹ́ ibi tó ń jò. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wà á díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i látòkè, ibi tí ọ́ìlì bá wà tó ga jù tó sì wà níwájú jù, ibẹ̀ ni. Àwọn kan á pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì sọ́ǹpù nígbà tó jẹ́ pé tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà lókè ló ń da ọ́ìlì sí i lórí. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ti tápẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ìdọ̀tí gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì, ẹ máa dè é díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi agbára dè é, gọ́ọ̀mù ò sì lè rọ́pò gáskẹ́ẹ̀tì tó ti gan. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fílítà ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ti àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ní ti àwa tá à ń gba Kábbà lọ Ẹgbẹ, ẹ yẹ sọ́ǹpù àti nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ wò fún òkúta àti kòtò.

Jíjó tún lè bí jíjò. Ríǹgì tó gbó máa ń jẹ́ kí gáàsì já wọ inú ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, agbára gáàsì yẹn á máa ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde. Ẹ pààrọ̀ síìlì títí, òmíràn á tún jò. Jíjò náà lè di jíjó, tí ọ́ìlì tápẹ́ẹ̀tì bá ń kán sórí irin sàlẹ́ńsà tó gbóná, òórùn á gbé, èéfín á máa yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná lè sọ. Èwo ni ẹ fẹ́ kí ajóróró jẹ́ nínú ìwọ̀nyí? Ọ̀rọ̀ tí kò lè ya ohun tó fa nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan ọ̀hún, kí la fẹ́ fi ṣe?

A ò sì tálákà ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá kàn tutù tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń sun, ẹ lè máa ṣọ́ ọ. Tó bá ń sọ̀ tóó tóó, ó ń kán, ẹ wá àyè tún un ṣe. Tó bá ń dà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tí iná ọ́ìlì pupa bá tàn níwájú yín, torí agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri ẹ́ńjìnnì niná yẹn ń ṣọ́. Sun, kán, jò, dà. Àwọn àgbà ló fi í sílẹ̀ fún wa.

Ẹni tó wá sọ pé kí àwa ará Ọ̀kún, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, lọ kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ká tó dá sí i, mo rí ọ̀rọ̀ ẹ. Kwara kan náà ni àwa àti Ìlọrin títí di 1991 tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, Ìlọrin sì ni ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá kan wà ní Kábbà, ó ti dolóògbé, kò ka ìwé púpọ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi oníbàárà ni "ṣó ń jò ni àbí ó ń jó?" Kò sí oníbàárà tó ní kó tún un sọ, ará Ìjùmú ni o, Ìyàgbà ni o, Bùnú ni o. Ohùn tí bàbá yẹn fi ń yẹ ọkọ̀ wò lẹ fẹ́ pa rẹ́ yìí.

Èyí tẹ́ ẹ tún gbé wá pé ká máa pe síìlì ní "èdìdì", mi ò gbà á. Dì là ń di nǹkan tá a fẹ́ kó wà ní dídì, ìwé, àpò, àṣírí. Dí la fi ń dí ihò kí nǹkan má bàa gbabẹ̀ jáde, iṣẹ́ síìlì sì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ará Ọ̀ṣun ti ní inú Bíbélì lòun ti rí èdìdì, pé kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Bíbélì ò sọ̀rọ̀ síìlì kiráǹkì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣàlàyé ihò tí èdìdì ń dí fún mi, mo ń retí.