Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ojú ènìyàn kì í dúró lọ́kàn mi

Aránṣọ Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí, mo ti pé ọdún 36, mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé ló jẹ́ kí n la ẹnu.

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun wá gba léèsì òun. Ó ga, ó pupa. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà," mo gbé léèsì aláwọ̀ ewé fún un, torí ẹni tó gbé léèsì yẹn wá náà ga, ó sì pupa. Ó tú báàgì wò, ó ní, "Àǹtí, èmi kọ́ ni mo ni èyí. Ṣebí àná ni mo wá wọn tèmi wò níbí!" Lóòótọ́ ni. Àná yẹn gan-an ni mo fi téèpù wọn ìdí rẹ̀: 44. Mo rántí pé èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, mo tilẹ̀ ti fi páàdì sí i. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò sí lọ́kàn mi.

Kì í ṣe orúkọ ni mò ń gbàgbé o. Orúkọ wọn wà lórí mi pinpin. Bí ẹ bá dúró síwájú mi, mo rí imú yín, mo rí ẹnu yín, mo lè ṣàpèjúwe wọn. Ẹ ṣáà ti kọ ẹ̀yìn sí mi báyìí, ó ti tán. Àti kékeré ló sì ti wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní pírámárì, mo tẹ̀lé obìnrin olóbìnrin jáde nínú ọjà Bódìjà torí pé àǹkárá ìdí rẹ̀ jọ ti màámi. Títí dòní, bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi bá tún irun ṣe lọ́jọ́ Àìkú, bó bá di Mọ́ńdè, mo máa ń dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí n tó pe ẹnikẹ́ni lórúkọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá-ìyá mi nìkan ni mi ò ṣì mọ̀ rí. Ọ̀kan kọ pélé, ìkejì bu àbàjà. Mi ò ní kí wọ́n máa kọlà fún ọmọdé mọ́ o, àmọ́ ilà yẹn gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

Òde ni ọ̀rọ̀ ti ń burú. Aṣọ ẹbí! Ọgọ́rin obìnrin, léèsì kan náà, gèlè kan náà, àtíkè bo gbogbo ojú (èmi ni mo sì rán èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀). Mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ mi kọjá láìkúnlẹ̀, mi ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó dìpàdé ẹbí. Wọ́n ní owó ti ń pa mí bí ọtí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí ní orúkọ? Ta ni mo lè lọ bá? Ẹ má sọ pé kí n lọ ra awò o, wọ́n ti yẹ ojú mi wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Àǹtí, ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà? Aránṣọ tí kò lè dá onígbèsè mọ̀ ni mo ti ń wá kiri láti ọdún tó kọjá 😂

Bàbá Àgbà:
Ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá fọkàn sí ọmọnìkejì ni kì í dá a mọ̀. Máa wo ènìyàn lójú dáadáa, kí o sì fi àdúrà kún un.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá, ẹ má bínú, sà, ẹni tó rántí èjìká oníbàárà kì í ṣe ẹni tí kò fọkàn sí ènìyàn.

Àbúrò, ó ní orúkọ. Prosopagnosia ni wọ́n ń pè é. Dókítà ará Jámánì kan, Joachim Bodamer, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1947, látinú èdè Gíríìkì: ojú, àti àìmọ̀. Àwọn tó yẹ̀ wò nígbà náà, orí ni wọ́n ti fara pa. Nígbà tó yá ni ayé tó mọ̀ pé a máa ń bí i mọ́ àwọn mìíràn, láìsí ọgbẹ́ kankan. Iye tí wọ́n máa ń sọ jù ni nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100.

Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, pàápàá lápá ọ̀tún, tó ń ṣiṣẹ́ gidigidi bí a bá ń wo ojú ènìyàn. Ojú tiyín ń ríran. Síso ohun tó rí mọ́ ẹni tó ni ín ni kò lọ geere. Ìdí rèé tí awò kò fi lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ dá mi lóhùn nǹkan méjì. Ṣé ẹ ti fi orí gbá nǹkan rí, tàbí kí gìrì mú yín? Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹni tó bá sì ń dá ojú mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá dédé sọ ọ́ nù, kó má jókòó sídìí ìmọ̀ràn orí fóònù, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Ará Peckham:
Sister mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bí ẹni ń ka tèmi. Ìbéèrè 20 kan wà tí wọ́n ń pè ní PI20, ó jáde ní 2015. Ẹ ó fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 5. Bí àròpọ̀ bá ti tó 65, ó yẹ kẹ́ ẹ túbọ̀ wádìí. Tèmi jẹ́ 81.

Ìkejì ni Cambridge Face Memory Test, ti 2006. Wọ́n á fi ojú ọkùnrin mẹ́fà hàn yín, wọ́n ti gé irun kúrò lára fọ́tò, ẹ ó wá máa mú wọn jáde láàárín mẹ́ta mẹ́ta, ìgbà 72. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: òyìnbó ni gbogbo ojú tó wà níbẹ̀! Ojú irú ẹni tí a bá dàgbà láàárín wọn la máa ń dá mọ̀ jù, gbogbo ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn kó má sì ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí máàkì orí íntánẹ́ẹ̀tì dá yín lẹ́jọ́. Ìtàn ìgbà èwe yín ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọpọlọ. UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ní wọn.

Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ má fowó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní in. Oliver Sacks, dókítà ọpọlọ pọ́ńbélé, náà ní in nígbà ayé rẹ̀. Ó sọ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, àṣé òun fúnra òun ni, nínú dígí.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ló ká mi lára. Má lọ ṣàlàyé fún wọn fúnra rẹ, àwáwí ni wọn yóò pè é. Ọkọ rẹ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì tún lọ sóde, kó máa sọ ọ́ sí ọ létí: "Màámi ló ń bọ̀ yẹn." Bí kò bá sí nítòsí, kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jọ àgbà! Ta ni yóò bínú pé wọ́n kí òun?

Ní ṣọ́ọ̀bù, kọ nọ́ńbà sí bébà méjì, lẹ ọ̀kan mọ́ aṣọ, kí oníbàárà mú ìkejì dání. Kó tó gba aṣọ, kó mú bébà wá.

Aránṣọ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun o, mo ti bẹ̀rẹ̀ bébà yẹn lónìí. Nọ́ọ̀sì, mi ò fi orí gbá nǹkan rí, gìrì ò sì mú mi. Ní ti ẹbí, mo pe màámi lálẹ́ àná. Mo ní, "Ẹ̀yin màámi, ṣé bàámi máa ń dá ènìyàn mọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n bí mi, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun tuntun, àwọn bá bàámi pàdé ní gáréèjì, bàámi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," wọ́n sì kọjá lọ.

Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé oníwà tútù ni wọ́n, torí gbogbo àdúgbò ni wọ́n máa ń kí.

Bàbá Àgbà:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Àdúrà náà ò sì burú.