Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọn eré ìràwọ̀ rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ kú alẹ́ o. Mo ń wá ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọn eré ìràwọ̀ tí èròjà ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí tẹgbẹ́ rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó ní ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń yípo. Ẹ má kàwé fún mi, ìrírí ni mo ń bèèrè.

Tísà Ayétòrò: Mo ti ṣe é. Alpheratz ni mo mú. Lóṣù kẹwàá, ojú lásán la fi ń rí i láti Òṣogbo níbí, ó sì máa ń ga dáadáa. Èròjà mẹ́kúrì àti mángáníìsì ló kún ojú rẹ̀. Mi ò ní awò kankan o. Inú àkójọ ELODIE ni mo ti fa dátà sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, tí àwọn ará Faransé lò láti 1994 sí 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò ju kéèyàn wá àwọn ìlà dúdú tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń fi sínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, kó wo bí wọ́n ṣe yẹ̀ kúrò láyè wọn. Tí wọ́n bá yẹ̀ sápá pupa, ó ń sá lọ. Sápá búlúù, ó ń bọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ayé wa yìí fúnra rẹ̀: nǹkan bí 30 kìlómítà là ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan yípo oòrùn. Béèyàn ò bá yọ ìyẹn kúrò, eré tiwa ló máa kọ sílẹ̀ lórúkọ ìràwọ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, tí mo ká gbogbo rẹ̀ sórí ọjọ́ 96.7, ìyẹn iye ọjọ́ tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fi ń yípo ara wọn, àwọn àmì tó fọ́n káàkiri kàn tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Mo pariwo. Ìyàwó mi rò pé bọ́ọ̀lù ni.

Baba Sùúrù: Ìràwọ̀ tẹ́nì kan ò fọwọ́ kàn rí, ẹ ní ẹ mọ mẹ́kúrì ojú ẹ̀. Ó dáa.

Ọmọ Ọjà Ìgbọ́nà: Tísà, ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù láago yẹn 😂

Adúróṣinṣin: Ìràwọ̀ onísùúrù ni Tísà bá pàdé. Olóòfà ni tèmi, ìràwọ̀ tí òòfà rẹ̀ le. Mo wọn ìlà irin, eré kan. Mo wọn ìlà èròjà yúrópíọ̀mù nínú fáìlì kan náà, eré mìíràn. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo o! Òòfà ló ń kó èròjà jọ sójú kan lára wọn. Bí ìràwọ̀ ṣe ń yí, ojú ibẹ̀ ń bọ̀, ó ń lọ, ìlà náà ń mì. Kò sí ẹnìkejì kankan níbẹ̀.

Tísà Ayétòrò: Àbúrò, o ò lè sọ pé kò sí rárá.

Adúróṣinṣin: Sà, mímì yẹn bá àsìkò tó fi ń yí lórí ara rẹ̀ mu rẹ́gí. Ìlà háídrójìn ẹ̀ ò sì kúrò lójú kan.

Tísà Ayétòrò: Ìlà háídrójìn tó fẹ̀ tó yẹn? Ta ló fẹ́ wọ̀n ọ́n kó péye?

Adúróṣinṣin: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sà. Àwọn olóòfà kì í sábà ní ẹnìkejì tó sún mọ́ wọn. Àwọn Am, ìràwọ̀ tí mẹ́táàlì pọ̀ lójú wọn, ló ń ní in, onímọ̀ ìràwọ̀ Abt ti rí ìyẹn ní 1961. Ẹnìkejì ló ń dẹ yíyí wọn. Tí ìràwọ̀ ò bá yí kíákíá, inú ẹ̀ á rọlẹ̀, èròjà kan á rì, ìmọ́lẹ̀ á ti òmíràn sókè. Bí irin ṣe ń pọ̀ lójú wọn nìyẹn, tí kálísíọ̀mù ń dín.

Ìyá Ìbejì: Ṣé Sirius wà lára wọn? Bàbá àwọn ọmọ ní ìbejì ni.

Tísà Ayétòrò: Am ni, ìyá. Onímọ̀ ìràwọ̀ Bessel sọ ní 1844 pé ó ní ẹnìkejì, Clark tó ń ṣe awò fojú rí i ní 1862. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń yípo ara wọn.

Ìyá Ìbejì: Èwo ni Táyé?

Ọmọ Ọjà Ìgbọ́nà: Èyí tó ń tàn, kí ló kù?

Adúróṣinṣin: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n lóòótọ́. Èyí tó kéré yẹn ló sanra jù tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dàgbà, kọ́kọ́ wú, kọ́kọ́ jó tán. Ní báyìí kò fẹ́ẹ̀ ju ilẹ̀ ayé wa lọ, ó sì wúwo tó oòrùn.

Ọmọ Ọjà Ìgbọ́nà: Táyé ló kọ́kọ́ jáde, òun lẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ wo ìwé ọjọ́ ìbí.

Ìyá Ìbejì: Ta ló rán an jáde? Ẹ má bá mi jà lórí ohun tí mo bí.

Baba Sùúrù: Ẹ ò tíì sọ bẹ́ ẹ ṣe gbé e sórí ìwọ̀n.

Tísà Ayétòrò: Bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn la fi mọ̀ ọ́n, bàbá. Èyí tó bá wúwo jù, yíyẹ̀ tiẹ̀ kì í pọ̀.

Baba Sùúrù: Hmm.

Ọmọ Òkè-Fìà: Tísà, fáìlì ELODIE yẹn, ṣé wọ́n ti yọ eré ayé kúrò nínú ẹ̀ ni àbí èmi ni màá yọ ọ́?

Tísà Ayétòrò: Ka orí fáìlì náà kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó o bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wàá rí ẹnìkejì tó ń gba ọdún kan gééré yípo. Tó o bá ti rí ọdún kan gééré, sá fún un.

Ọmọ Ọjà Ìgbọ́nà: Iná ti lọ lọ́dọ̀ tiwa o. Òkè-Fìà ńkọ́?