Ìbéèrè ìmọ̀ràn: ṣé kí ìyá mi máa mu ìyẹ̀fun kọ́lájìn?

Olùbéèrè, Iléṣà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ìyá mi tí wọ́n ń tajà ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí mo bá fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà sílẹ̀. Nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ti ìsàlẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹnì kan ní ìyẹ̀fun kọ́lájìn yóò sọ wọ́n di ọ̀dọ́. Ṣé kí n rà á?

Olùkọ́ ìmọ̀ ohun alààyè, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, kì í dá gbé. Àwọn okùn púrótéènì bíi kọ́lájìn àti ẹ̀lásítìnì ló yí i ká. Ẹ̀lásítìnì ló ń jẹ́ kí awọ padà sípò bí a bá fà á, láti inú oyún títí dé ìgbà èwe sì ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kọ́lájìn náà kì í tètè ní àrọ́pò: ìwádìí kan ní ọdún 2000 ṣírò rẹ̀ pé ó ń tó nǹkan bí ọdún 15 kí ìdajì ti inú awọ tó pààrọ̀, ti kèrékèré oríkèé sì ju ọdún 100 lọ. Nítorí náà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fi ń ráyè lẹ̀ mọ́ okùn wọ̀nyí, tí ó ń so wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi le, nínú awọ àti lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde, èyí tó lè mú kí nọ́ńbà òkè Màmá máa ga.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé sẹ́ẹ̀lì ń mọ bí okùn náà ti rí, nípasẹ̀ púrótéènì íńtẹ́gírìnì tó fi dì í mú. Bí okùn bá ti já, bí oòrùn ti ń já ti awọ, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó hun kọ́lájìn tuntun yóò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, yóò sì máa tú èròjà tó ń gé èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti darúgbó, tí kò pín mọ́ tí kò sì kú, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń kó bá àwọn tó wà nítòsí wọn.

Nọ́ọ̀sì, Iléṣà: Ẹ má rà á, ẹ̀gbọ́n. Ikùn yóò lọ ìyẹ̀fun yẹn bí ó ti ń lọ ẹran àti ẹja. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, kí wọ́n máa lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n jókòó sábẹ́ agboòrùn lọ́jà, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ọsàn níwọ̀nba, torí ara kò lè hun kọ́lájìn dáadáa láìsí fítámì C. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ìfúnpá wọn lọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí, nítorí nọ́ńbà òkè tó ń dá ga bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú.