Bàtà wo ni kí n wọ̀ lẹ́yìn síkì (eré yíyọ̀ lórí sínóò) ní Zermatt?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí òtútù orí òkè kò ṣàjèjì sí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Zermatt ní Switzerland ni mò ń lọ nínú oṣù kejì. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò elépo wọ ìlú náà, ẹsẹ̀ ni n ó sì máa fi rìn délé, bí ìṣẹ́jú 15, lórí sínóò tí èrò ti tẹ̀ di yìnyín.

Bàtà awọ àgùntàn tura, àmọ́ bí sínóò bá yọ́ sí i lára, ó ti mu omi nìyẹn, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tó ní ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ nínú fúyẹ́, ó sì móoru, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Inú ilé ló dára fún. Bàtà rọ́bà gíga ló já mi kulẹ̀ jù: omi kì í wọ inú rẹ̀, òógùn náà kì í sì í jáde. Ẹsẹ̀ tó ti ń làágùn nínú bàtà síkì láti àárọ̀ á tutù rinrin níbẹ̀, kódà téèyàn bá pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ti pé kó má fún mi, mo mọ ìyẹn: ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè mì.

Ó wá ku ìbéèrè méjì. Ṣé èyí tí aṣọ inú rẹ̀ ṣeé yọ sá ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n rán an mọ́? Ṣé ìsàlẹ̀ rọ́bà rírọ̀ tó ní eyín jíjìn tó lórí yìnyín, àbí kí n tún ra irin eléyín tí wọ́n ń fà bọ bàtà?